Mo fẹ́ lọ sí Svalbard nínú òtútù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Leeds)
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Nọ́ọ̀sì ni mí, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò. Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti ń fà sí Svalbard, àwọn erékùṣù Norway tó wà lókè téńté ayé yẹn. Iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ti sú mi. Ẹ̀rọ ń dún, fóònù ń dún, aláìsàn ń pè, bí mo bá délé tán etí mi ṣì ń hó. Ó wù mí kí n dé ibi tí mo lè dúró tí mi ò ní gbọ́ ohunkóhun. Oṣù kejì ọdún ni mo ní lọ́kàn. Ọkọ mi ní ṣé òtútù Leeds ò tíì tó mi ni, tí mo fẹ́ lọ fowó ra òmíràn. Òun ò ní bá mi lọ, ṣùgbọ́n kò ní dí mi lọ́wọ́. Ta ló ti débẹ̀ rí? Kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó sanwó? Mùsùlùmí ni mí, mo sì gbọ́ pé oòrùn kì í yọ níbẹ̀ lásìkò yẹn. Báwo ni kíkírun ṣe máa rí?

Bàbá Ìbejì
Àbúrò, owó yẹn á kó bíríkì wálé o. Ẹranko ló ń gbé ibẹ̀, kò sí mọ̀lẹ́bí ẹ kankan níbẹ̀ 😂

Àǹtí Bergen
Ẹ má dá Bàbá Ìbejì lóhùn. Norway ni mo ń gbé, mo sì ti lọ.

Físà ni kí o kọ́kọ́ mójú tó, àbúrò mi. Nítorí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 1920, Svalbard fúnra rẹ̀ kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tàn jẹ. Láti Oslo tàbí Tromsø lo máa wọ ọkọ̀ òfuurufú, àwọn ìlú yẹn sì wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, àmọ́ Svalbard ò sí nínú rẹ̀. Bí o bá ti gbéra lọ síbẹ̀, o ti jáde ní Schengen nìyẹn, bí o bá ń padà bọ̀, o tún ń wọlé ni. Multiple entry, físà tó ń jẹ́ kéèyàn wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ni kí o béèrè fún. Ìwé ìgbélùú UK ò lè gbà ọ́ lórí èyí. Mo mọ ẹnì kan tó gba ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Pápákọ̀ òfuurufú Oslo ló ti mọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì tó ti sanwó rẹ̀ ò sì dá owó padà.

Ní ti oṣù tí o mú: láti òpin oṣù kẹwàá títí di àárín oṣù kejì, oòrùn kì í yọ rárá ní Longyearbyen, ìlú tí wọ́n ń gbé níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ tó nǹkan bí 2,500. Kódà nígbà tí oòrùn bá ti ń yọ, òkè bò ó, kì í dé àárín ìlú títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ìlú máa ń kóra jọ síbi àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn àtijọ́. Wọ́n ti wó ilé ìwòsàn náà, àtẹ̀gùn rẹ̀ nìkan ló kù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń dúró de oòrùn. Àwọn ọmọdé á kun ojú, wọ́n á máa pariwo pè é. Ìwọ tí o jẹ́ nọ́ọ̀sì, lọ wo ìyẹn. Bí o bá sì fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì náà, kò burú: lọ́sàn-án, ojú sánmà dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró. Mi ò rí irú rẹ̀ rí níbòmíràn.

Àti ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ò ń wá. Ó wà, àmọ́ kì í ṣe inú ìlú lo ti máa rí i. Alùpùpù orí yìnyín la gùn jáde. Nígbà tí afinimọ̀nà ní ká pa á, ohun kan ṣoṣo tí mò ń gbọ́ ni aṣọ ara mi tó ń dún kàsàkàsà bí mo bá ti ń mí. Mo tún gbìyànjú láti má mí. Ó bà mí lẹ́rù díẹ̀, kí n má parọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Ṣé mo lè dá nìkan rìn jáde nílùú?

Àǹtí Bergen
Rárá o! Béárì funfun ń rìn káàkiri. Ẹni tó bá kọjá ìlú gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa fi lé e, ìdí nìyẹn tí àwọn afinimọ̀nà fi ń gbé ìbọn. Má sì retí pé o máa súnmọ́ ọn ya fọ́tò. Láti 2025, òfin ní kí èèyàn jìnnà sí i ní 300 mítà ó kéré tán, 500 mítà láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà.

Dẹ́lé Oníṣirò
Kí ló dé tí ẹ ò lọ Tromsø? Ó dínwó, kò sí wàhálà físà ẹ̀ẹ̀mejì, òtútù rẹ̀ kò sì le tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ń jó lójú ọ̀run yẹn, ẹ máa rí i níbẹ̀ náà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ìlú ńlá ni Tromsø, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ni mò ń wá.

Alàájì Ìwó
Salaamu alaykum, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ìrun ò ṣòro. Níbi tí ọ̀sán àti òru ò bá ti yàtọ̀, àwọn onímọ̀ ní kí èèyàn ṣírò àkókò. Àwọn kan ní ká tẹ̀lé ìlú tó súnmọ́ jù tí oòrùn ti ń yọ tó sì ń wọ̀, àwọn mìíràn ní ká tẹ̀lé Mẹ́kà. Mú ọ̀kan kí o dúró lé e lórí. Má fi ti òní mú ti Mẹ́kà, kí o fi ti ọ̀la mú ti ibòmíràn nítorí pé oorun ń kùn ọ́.

Ìyá Calgary
Má wọ jíǹsì, má wọ òwú sára. Òógùn á mu ún, á sì dì mọ́ ọ lára. Irun àgùntàn ni kí o fi ṣe àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ méjì tó há nínú bàtà kì í móoru, ṣe ló ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ìwọ nọ́ọ̀sì náà mọ̀. Òrí ni kí o fi pa ojú, kì í ṣe ìpara olómi. Má sì fi irun tútù jáde.

Ọmọ Mókọ́lá
Ẹ má gbàgbé pé ará Ìbàdàn ti ṣáájú yín débẹ̀ o! Ilé ìpamọ́ irúgbìn tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè lẹ́bàá Longyearbyen, tí wọ́n ṣí ní 2008, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ti Ìbàdàn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó irúgbìn lọ síbẹ̀. Ẹ̀wà wà nínú rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé, àmọ́ ẹ lè dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí ẹ kí àwọn èèyàn wa.

Bàbá Ìbejì
Ẹ̀wà Ìbàdàn nínú yìnyín? Ó dáa, ó ní mọ̀lẹ́bí níbẹ̀ nígbà náà. Mo ti dákẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
😂😂 Mo ti sún un sí oṣù kẹta, mo fẹ́ rí àtẹ̀gùn yẹn. Ìnṣọ́ránsì ńkọ́?

Àǹtí Bergen
Rí i dájú pé ó gba owó ìdóòlà lórí yìnyín àti ti gbígbé aláìsàn lọ. Ilé ìwòsàn ibẹ̀ kéré, Tromsø ni wọ́n ń gbé àìsàn ńlá lọ. Kódà àwọn aboyún ń kúrò nílùú kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Tún ra ìbọ̀sẹ̀ tuntun o: láti ayé àwọn awakùsà èédú, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì àti mùsíọ́mù ibẹ̀. Má lọ fi àtàǹpàkò tó yọ síta kí wọn.