Ọ̀gá ilé ìwé wa kì í gbọ́ tẹnu wa kí wọ́n tó pàṣẹ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Pírámárì kẹta ni mò ń kọ́ nílé ìwé ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀gá àgbà wa kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Wọn kì í jẹ owó ọmọ, wọ́n sì máa ń tètè dé. Ṣùgbọ́n orí WhatsApp ni gbogbo ètò ti ń já lù wá, lálẹ́, nígbà tí a ti múra iṣẹ́ ọjọ́ kejì tán.

Nígbà tí olùkọ́ kan fẹ̀yìn tì, wọ́n da kíláàsì rẹ̀ pọ̀ mọ́ tèmi láìbi mí. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ní ọmọ 35 sí olùkọ́ kan. Tèmi ti lé ní 70. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbọ́ ìwé kíkà lẹ́nu ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kò ṣeé ṣe mọ́. Mo sọ ọ́ nípàdé, wọ́n ní àṣẹ ni. Àtìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń dábàá ohunkóhun mọ́ láàárín wa. Mi ò fẹ́ gba kúẹ́rì o. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún wọn tí kò ní dà bí ìwọ̀sí?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, má sọ ọ́ nípàdé mọ́. Lọ bá wọn ní ọ́fíìsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, kí o sì mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dání. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀gá máa ń lẹ ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́ ògiri yàrá olùkọ́ ní Ọjọ́bọ̀, oníkálukú á kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni olùkọ́ pírámárì kejì kọ ọ́ sí pé àwọn ọmọ òun ń sùn lákòókò ìṣirò, torí ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán ló bọ́ sí. Wọ́n gbé e sí àárọ̀. Ta ni ì bá rí ìyẹn láti ọ́fíìsì?

Ọ̀gá Àgbà Kan: Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa náà. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè pè wá nírọ̀lẹ́ pé àwọn fẹ́ iye ọmọ láàárọ̀. SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ilé ìwé pírámárì ìjọba ní ìpínlẹ̀, ló ń gba olùkọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ̀yìn tì, ìwé nìkan ni mo lè kọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ fún àwọn olùkọ́ mi pé eléyìí tòkè wá, èyí sì wà lọ́wọ́ wa. Ta ló máa kọ́ kí ni, ta ló lè ran ta lọ́wọ́, àwọn tó wà ní kíláàsì ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí ipò ṣe ń ga ló sọ ọ̀pọ̀ wa di ọ̀gá. Wọn ò kọ́ wa ní bí a ṣe ń darí èèyàn.

Olùkọ́ Òṣogbo: Mi ò fara mọ́ ẹ̀bẹ̀ nìkan. Ọmọ 70 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohùn pẹ̀lẹ́. Kí ọ̀gá gbé e lọ síwájú SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bá ilé ìwé ṣètò, kí àwọn òbí àti aṣojú àdúgbò rí iye náà, kí wọ́n bá wọn bẹ ìjọba fún olùkọ́.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Tí wọ́n bá tún ní àṣẹ ni ńkọ́?

Ọ̀gá Àgbà Kan: Má bá wọn jiyàn lórí àṣẹ. Bi wọ́n pé, "Mà, nínú èyí, èwo la lè tún ṣe láàárín ara wa?" Kí o sì mú àkọsílẹ̀ ìwé kíkà àwọn ọmọ dání, ti ìṣáájú àti ti ìsinsìnyí. Èmi kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n gbójú fò ó.

Olùbéèrè: Mo ní in. Olùkọ́ pírámárì kẹrin ti gbà pé òun lè bá mi gba ìdajì àwọn ọmọ fún wákàtí ìwé kíkà, bí ọ̀gá bá yọ̀ǹda. Ohun tí màá tọrọ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ. Kó má ṣe jẹ́ ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ o.