Ṣé oríire ni ká pe eudaimonia?

Bàbá wa tó kọ̀wé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú làákàyè o. Ẹ ní kí a pe eudaimonia, ọ̀rọ̀ tí Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì àtijọ́, ń lò fún ìgbé ayé tó dára jù lọ fún ènìyàn, ní "oríire", torí pé eu ni rere, daimon sì jọ orí tó ń báni rìn. Ní ti gbòǹgbò, n kò rí èyí tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ní Ọ̀yọ́ níbí, ẹni tí owó ńlá ṣàdédé bọ́ sí lọ́wọ́ la ń sọ pé ó ṣoríire. Ó lè ti máa sùn nígbà tí ire náà wọlé. Aristotle ní iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe ni eudaimonia, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn kan ń fi oríire pè é.

Àwọn tó mú "ìwàpẹ̀lẹ́" wá gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ eudaimonia ti dájọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́. Nínú ìwé kẹwàá Nicomachean Ethics, ìwé Aristotle lórí ìwà àti ìgbé ayé rere, theoria, ìyẹn fífi ọkàn wo òtítọ́, ni Aristotle fi ṣíwájú, ó fi ìgbé ayé ìwà rere ṣe ìkejì. Èmi gan-an, ẹ̀yìn ìwà ni mo wà: Ọ̀rúnmìlà tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí Ìwà aya rẹ̀ kó jáde, ayé rẹ̀ dojú rú. Síbẹ̀, ohun tó wù mí kọ́ la ń túmọ̀.

Ẹnìkan ní "àṣàrò" ni theoria. Wíwò ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, "ìwòye" ló yẹ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ti bàbá kan tó ń fín igbá. Nígbà tó parí, ó fẹ́ èérún kúrò lára rẹ̀, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Kò wá àṣìṣe, kò sì díye lé e. Mo kí i, kò gbọ́. Òótọ́ tí kì í yí padà ni Aristotle ní kí a máa wò, kì í ṣe igbá, ṣùgbọ́n irú wíwò tí kò wá nǹkan mìíràn yẹn ni.

Fún eudaimonia, inú àdúrà tí à ń gbà lójoojúmọ́ ni mo ti mú tèmi: "A ó gbélé ayé ṣe rere." Mo wá sọ ọ́ di "ìgbáyé-ṣerere". Ìṣe wà nínú rẹ̀, gbogbo ọjọ́ ayé ẹni sì wà nínú rẹ̀. "Ṣe rere" lè jẹ́ kéèyàn hùwà tó dára, ó sì lè jẹ́ kí nǹkan yọrí sí dáadáa. Eu prattein, ìyẹn "ṣe dáadáa", tí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ń sọ náà ní ojú méjèèjì. Ó gùn lẹ́nu, mo gbà. Bàbá, bí ẹ bá rí èyí tó kúrú tí kò gbè sẹ́yìn ìwà tàbí ìwòye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ wá.