Ìyá ọkọ ní kí n kun irun ìyàwó dúdú kó tó wọlé: ẹ bá mi dá sí i

Onídìrí Adó:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 17 rèé tí mo ti ń dìrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì. Ọ̀rọ̀ irun kì í sábà rú mi lójú, ṣùgbọ́n èyí rú mi lójú.

Ọmọbìnrin kan wà tí mo ti ń dìrí fún láti kékeré. Irun rẹ̀ pupa bí epo tó ti dì. Kò kun dáì rí, bó ṣe hù nìyẹn. Ara rẹ̀ náà pọ́n, bàbá àti ìyá rẹ̀ sì dúdú. Ìdáná rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àná ni ìyá ọkọ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n fi dáì dúdú kun gbogbo rẹ̀: obìnrin onírun pupa, ẹmẹ̀rẹ̀ ni tàbí ọmọ inú omi, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọkùnrin. Ọmọ náà jókòó síbẹ̀. Kò fèsì, ó kàn fa gèlè bo orí.

Ó dùn mí dọ́kàn, torí èmi náà pupa. Nílé ìwé, wọ́n máa ń sọ sí mi létí pé obìnrin pupa kì í gbé ilé ọkọ kan. Ọdún 22 rèé tí mo ti wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ọkọ mi. Ta ló mọ̀ nípa irú irun yìí? Kí ni mo lè sọ fún ìyá yẹn tí kò ní dà bí àrífín?

Nọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé:
Àìjẹunrekánú máa ń sọ irun ọmọdé di pupa, èyí tí wọ́n ń pè ní kwashiorkor. Irun ìyẹn máa ń fẹ́lẹ́, ó ń já, ẹsẹ̀ ọmọ á sì wú. Tàgbà tára rẹ̀ le kò jọ ọ́ rárá. Ó jọ irú àfín kan tó wà láàárín àwa aláwọ̀ dúdú: ara á pọ́n, irun á pupa. Àyípadà nínú jíìnì TYRP1, ìyẹn ọ̀kan lára àbùdá tí òbí ń fún ọmọ, ló ń fà á. Bàbá àti ìyá tó dúdú lè bí i bí àwọn méjèèjì bá gbé e sára láì hàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bú ìyá rẹ̀ pé ìta ló ti gboyún wálé! Kí dókítà ojú yẹ ọmọ náà wò, kó sì máa dé fìlà lóòrùn.

Ọmọ Ìjerò, Glasgow:
Scotland níbí àti Ireland ni irun pupa ti wọ́pọ̀ jù láyé. Jíìnì tiwọn ni MC1R, 1995 ni wọ́n rí i pé òun ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ yẹn sọ, òun náà ni wọ́n ń sọ níbí: pé obìnrin onírun pupa yára bínú, pé ó fẹ́ràn ọkùnrin jù. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìgbàanì fi irun pupa sórí Màríà Magidalénì, torí wọ́n kà á sí aṣẹ́wó. Ẹ ṣí Lúùkù 8:2, ẹ̀mí èṣù méje tó jáde lára rẹ̀ nìkan lẹ máa bá níbẹ̀. Póòpù Gregory ló pa á pọ̀ mọ́ obìnrin ẹlẹ́ṣẹ̀ orí 7, nínú ìwàásù kan ní 591. Elizabeth Kìíní náà, irun pupa ló gbé gorí oyè ní Ẹ́ńgíláǹdì, ó sì lo ọdún 44.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n:
Láyé ìyá mi, osùn la fi ń kun ìyàwó àti abiyamọ títí ara á fi pọ́n. Ẹwà obìnrin nìyẹn. Ìgbà wo ni pupa wá di ti ẹmẹ̀rẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ, àmọ́ ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́.

Onídìrí Adó:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo pe ọmọ náà láàárọ̀ yìí, mo bi í ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó tíì bi òun. Ó lóun ò fẹ́ dáì, ṣùkú lóun fẹ́, kí gbogbo orí hàn. Ṣùkú náà ni màá dì. Lọ́la màá lọ bá ìyá ọkọ nílé, ọ̀rọ̀ osùn Bàbá Ẹ̀fọ̀n ni màá kọ́kọ́ bá a sọ.