Lébẹ̀ẹ̀lì tó ń yẹ̀: ó ti yanjú o

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àdúrótì. Mo sọ fún yín níjọ́sí pé orúkọ tí mo ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà tẹ̀ sára lébẹ̀ẹ̀lì kúlíkúlí mi ń yẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tóńà rẹ̀ (yíǹkì lẹ́búlẹ́bú tí ẹ̀rọ náà ń lò) sì ń bó. Méjèèjì ti tán nílé wa níbí, ní Ìlọrin.

A4 ni pépà mi, 297 mílímítà ní gígùn. Letter, ìwọ̀n pépà àwọn ará Amẹ́ríkà, ni kọ̀ǹpútà rò pé mo ń lò, èyí tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 279 lọ. Mo yí i sí A4, mo kúrò lórí "Fit to page" tó ń yí ìwọ̀n iṣẹ́ padà kó lè bá pépà mu, mo mú "Actual size" tó ń fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà lásán, mo gbé e lé ti lébẹ̀ẹ̀lì, mo na méjèèjì sí ojú fèrèsé. Wẹ́kú! Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ọmọ wá wò ó.

Ti tóńà, "Labels" ni mo yàn níbi irú pépà. Mo fi èékánná ha á, kò bó mọ́.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n má dá pépà tí mo ti ṣí lébẹ̀ẹ̀lì lára rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ, ẹ ṣeun gan-an. Ooru ẹ̀rọ lésà lè yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́ inú.

Kúlíkúlí ń lọ Ọjà Ọba lọ́la.