"Aláìlópin" kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká padà sórí "àti"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Ẹni tó kọ̀wé lálẹ́ àná ní kí á máa pe "to go" ti Gẹ̀ẹ́sì ní "ọ̀rọ̀-ìṣe aláìlópin", kí á sì pe "going" ní "ìṣe". Ó ní bí òun ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn. Ó dùn mí. Ọlọ́run là ń pè ní aláìlópin. Kí ni "to go" ń wá níbẹ̀? "Infinitive" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, inú Látìn ló sì ti yá orúkọ yẹn, àwa wá ń tú u ní ẹyọ-ẹyọ bí ẹni pé a ò ní tiwa.

A ní tiwa. "Lọ" di "lílọ", "mu" di "mímu". Kọ́ńsónáǹtì tí a tún pè àti ohùn òkè orí "í" yẹn ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí "ìrìn" kì í fi í ṣe "rírìn". Àwọn àgbà ní "Rírò ni tènìyàn, ṣíṣe ni tỌlọ́run." Ẹ fi "ìrò" àti "ìṣe" rọ́pò wọn, kí ẹ wò ó bóyá òwe ṣì kù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ alápètúnpè ni "going". Ó tán.

"To go" ní tirẹ̀, àtilọ ni. "Ní" àti "àti" ló para pọ̀ di "láti", nítorí náà kí á fi "oní" síwájú "àti", kó máa jẹ́ "aláti", bí "oní" àti "àga" ṣe di alága. Ẹ̀yin tí ẹ ní "oníláti" ló yẹ, "ní" ti wà nínú "láti" tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ kà á?

Olùkọ́ wa ní ìwé márùn-ún kò tilẹ̀ fún wọn lórúkọ. Ó kọ "He stopped smoking" àti "He stopped to smoke" sára pátákó, ó ní kí á sọ wọ́n ní Yorùbá. Ó jáwọ́ nínú sìgá mímu. Ó dúró láti mu sìgá. Ó yé wa lójú ẹsẹ̀. Ibi tí a ti jẹ pàṣán ni "enjoy", torí a ní "mo gbádùn láti máa kàwé", a wá kọ "I enjoy to read". "Reading" ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ níbẹ̀. "I look forward to see you" náà ńkọ́? Olùkọ́ wa ní kí á fi "your letter" sẹ́yìn "to" yẹn. Tó bá gbà á, kì í ṣe aláti, "seeing" ló kàn. Mo ṣì ń fi dán ọ̀rọ̀ wò títí dòní.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní "mo fẹ́ lọ" kò ní "láti", bẹ́ẹ̀ "I want to go" ni Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni, mo gbà. "Mo fẹ́ láti lọ" tó kún inú ìwé ìròyìn báyìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi àgbà rí. Ibi tí àwọn ọmọ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nìyẹn: kì í ṣe gbogbo "to" ló ń bá "láti" rìn. Orúkọ náà ṣì sàn ju aláìlópin lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí á máa kọ "àti lọ" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mi ò tíì gbàgbé yín. Ẹ kọ "àtijẹ àtimu" pọ̀ nínú lẹ́tà yín ọjọ́ Ajé. Kí ló dé tí ẹ ò já ìyẹn sí méjì?