Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: òṣùwọ̀n òjò méjì, èsì wọn ò bára mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kubwa ní Àbújá níbí ni mo wà, mo ń wọn òjò nítorí oko àgbàdo tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń dá. Òṣùwọ̀n kan jẹ́ rọ́bà lásán tó ní ìlà mìlímítà lára, èkejì ní abọ́ kékeré nínú tó máa ń dà nù fúnra ẹ̀ tó bá ti kún, iye ẹ̀ á wọlé sórí fóònù. Tí òjò bá ń rọra rọ̀, wọ́n bára mu. Ṣùgbọ́n ẹ mọ òjò Àbújá, atẹ́gùn á kọ́kọ́ fọn eruku sójú èèyàn, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹni pé wọ́n ṣí táǹkì, ìgbà yẹn ni ti fóònù máa ń kéré gan-an.

Mo ti nu eruku ẹnu ẹ̀, mo ti rí i pé ó tẹ́jú, mo tún gbé e jìnnà sí fẹ́ǹsì, ó ju ìlọ́po méjì gíga fẹ́ǹsì náà lọ. Mo mọ̀ pé omi díẹ̀ máa ń ṣòfò bí abọ́ yẹn bá ń yí nínú òjò ńlá, atẹ́gùn náà sì máa ń gbé ẹ̀kán òjò kọjá lórí ẹ̀ (àbúrò mi ní Kánádà ní ti yìnyín tiwọn tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ).

Ṣé kí n máa fi ti rọ́bà ṣàtúnṣe iye orí fóònù ni, àbí kí n kọ́kọ́ wá nǹkan dí atẹ́gùn fún un?

Ẹ má bínú pó gùn o, ẹ ṣé gan-an ṣáájú.