Pẹtiróòlù tí wọ́n po ẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́: èéfín ńkọ́, bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ epo ńkọ́?

Awakọ̀ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Bí ẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan, bá wà nínú pẹtiróòlù ní 10%, ṣé èéfín á dín kù lóòótọ́? Ṣé Micra oníkábúrétọ̀ àti oní-ínjẹ́kítọ̀ á sì máa jẹ epo bákan náà?

Ọ̀gá Gate:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ó ń dín in kù, àmọ́ kì í ṣe bákan náà. Ọ́síjìn kó bíi 35% nínú ìwúwo ẹ́tánọ́ọ̀lù, òun ló ń jẹ́ kí epo jó tán, kí carbon monoxide, èéfín tí kò lóòórùn tó ń pààyàn, dín kù. Ara oníkábúrétọ̀ lẹ ti máa rí i jù, torí jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá, ò mọ̀ pé epo ti yí padà. Oní-ínjẹ́kítọ̀ ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn lára sàlẹ́ǹsà, á rí i, á sì fi epo kún un, torí náà ìyàtọ̀ èéfín rẹ̀ kéré.

Ní ti jíjẹ: agbára lítà ẹ́tánọ́ọ̀lù kan jẹ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti pẹtiróòlù. Ẹ ó pàdánù bíi 3%. Ibi tí lítà 30 ń gbé yín dé, bíi 31 ni yóò gbà. Bí kábú bá ti ń fún epo díẹ̀ jù tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnì á máa fà sẹ́yìn bí ẹ bá tẹ ẹ́ lójijì. Ẹ fi jẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ díẹ̀ sí i. Skúrúù àìdù, èyí tí a fi ń ṣètò ẹ́ńjìnì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, nìkan kò tó.

Ayẹ̀pówò:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n acetaldehyde, èròjà tó ń ta ojú àti imú, á pọ̀ sí i nínú èéfín, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Bí ẹ bá fi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, wo fuel trim, ìyẹn ìdá epo nínú ọgọ́rùn-ún tí kọ̀ǹpútà fi kún un tàbí tó yọ, +3 tàbí +4 ni ẹ́tánọ́ọ̀lù yìí ń fà. Bó bá ti ju +10 lọ, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tàbí fíltà àti pọ́ǹpù tó ti rẹ̀.

Omi gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Lítà kan irú epo yìí ò lè gba ju bíi mílílítà 5 omi lọ. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, omi àti ẹ́tánọ́ọ̀lù á jọ rì sísàlẹ̀ táńkì, ibẹ̀ gan-an ni pọ́ǹpù ti ń fà.

Awakọ̀ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun gan-an. Báwo la ṣe máa mọ iye tó wà nínú èyí tí a rà?

Ayẹ̀pówò:
Ẹ wá ìgò gígùn tí wọ́n fàlà mílílítà sí lára. Omi 10, epo 90. Ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi sílẹ̀ fún 10, kó jìnnà síná. Bí omi ìsàlẹ̀ bá gòkè dé 19, bíi 10% ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí mìíràn tó jẹ́ májèlé, irú èyí tó wọ Nàìjíríà nínú epo lọ́dún 2022, á gòkè bákan náà. Ìgò yìí ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.